Ẹ́ńjìnnì Tó Dúró, Èyí Tó Dùbúlẹ̀, àti Èyí Tó Ya Ẹsẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe o. Àwọn ọ̀gá wà ní ìdí ìyẹn. Bí sìlíńdà ṣe tò nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò. Ti ẹ́ńjìnnì kan dúró ṣánṣán, ti òmíràn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ti òmíràn ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Láti ọdún 1886 títí dé nǹkan bí 1932, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì, Faransé, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà jiyàn lórí èyí tó dára jù. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí mo ṣe rí i, àríyànjiyàn wọn kọ́ ló yan ẹ́ńjìnnì fún wa. Ọ̀nà eléruku ló yàn, pẹ̀lú ọwọ́ mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi, tí kò ní ju sípánà díẹ̀ àti àkísà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń kọjá ní títì báyìí, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, sìlíńdà kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé nǹkan tuntun ni. Ọkọ̀ tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Jámánì ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 1886, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìjókòó, sìlíńdà kan. Ẹ́ńjìnnì náà kò pé lítà kan, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹṣin kan. Ńṣe ni sìlíńdà yẹn dùbúlẹ̀, tí fúláìwíìlì ńlá nà gbalaja sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rù ló ba Benz. Ó rò pé bí òun bá gbé fúláìwíìlì náà dúró, ọkọ̀ kò ní fẹ́ yà ní kọ́nà mọ́. Ẹ̀rù náà kò ní ìdí, òun fúnra rẹ̀ sì gbé e dúró nígbà tó yá.

Kí ni fúláìwíìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wà fún? Ẹ lọ wo ẹ̀rọ oní-dísù tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Sìlíńdà kan ni, irin ràbàtà méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí: fúláìwíìlì nìyẹn. Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà, ń ṣe kó tó tún bẹ̀rẹ̀: á fa atẹ́gùn wọlé, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, iná á jó, á sì tú èéfín jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan péré ló ń fúnni lágbára. Àwọn mẹ́ta yòókù, agbára ni wọ́n ń jẹ. Ìyẹn ni pé kíráǹkì, irin tí písítìnì ń yí, á yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó jó lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí irin wúwo kan tó máa bá a fi ìyí yẹn pamọ́, ẹ́ńjìnnì á kú láàárín iná kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń dún pọ́-pọ́-pọ́, tí ilẹ̀ sì ń mì títí dé ibi tí àwọn ìyá wa ti ń bó ẹ̀gẹ́.

Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ ohun tí àwọn onímọ́tò ṣe lẹ́yìn náà. Ẹnì kan á gún, á gbé ọmọ odó sókè, odó á dákẹ́, kó tó tún balẹ̀. Bí ẹni méjì bá dojú kọ odó kan náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn á dín kù. Bí wọ́n bá di mẹ́rin tí wọ́n mọ̀ ọ́n gún, odó kò ní sinmi rárá. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kàn, kí wọ́n sì mọ ibi tí kálukú máa dúró sí. Ọ̀rọ̀ ibi ìdúró yẹn ni gbogbo ìjà àwọn onímọ́tò ayé ìgbà náà.

Ní ọdún 1889, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, àwọn náà ní Jámánì, fi sìlíńdà kún sìlíńdà. Wọ́n mú méjì, wọ́n fi ìdí wọn pàdé lórí kíráǹkì kan, orí wọn sì ya díẹ̀ kúrò lára wọn. Èyí ni ẹ́ńjìnnì V àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tó yà kò pọ̀. Ìwọ̀n dígírì 17 péré ni. Ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní Faransé gba irú rẹ̀ ṣe, àwọn ni wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì láti ìdí ọkọ̀ wá sí iwájú ní ọdún 1891. Gbogbo ọkọ̀ tí à ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Benz gba ọ̀nà mìíràn. Kí ọdún 1900 tó dé, ó ti fi sìlíńdà méjì dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa wo ara wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kíráǹkì láàárín. Bí písítìnì ọ̀tún bá ń jáde, ti òsì náà ń jáde. Bí èyí bá wọlé, ìyẹn á wọlé. Ìjìnnìjìnnì ọ̀tún á pa ti òsì. Frederick Lanchester ní Ìlú Ọba rí ìyẹn, ó sì mú un kọjá ibi tí Benz mú un dé: ó fi kíráǹkì méjì tó ń yí ní òdìkejì ara wọn sínú ẹ́ńjìnnì kan, kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n rárá. Lanchester gbọ́n ju ọjà lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì pọ̀.

Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo ní a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Herbert Austin ni. Ó ń ṣe olórí ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Wolseley ní Birmingham, ó sì ti pinnu pé ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀ ló tọ́. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wo ọjà, wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì tó dúró ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Wọ́n sọ fún un, kò gbà. Ní ọdún 1905 ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó lọ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Longbridge. Nígbà tí ọkọ̀ Austin àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1906, irú ẹ́ńjìnnì wo lẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀? Sìlíńdà mẹ́rin tó dúró ṣánṣán! Àwọn bàbá wa tó gun Austin ní Èkó àti Ìbàdàn lẹ́yìn náà kò mọ̀ pé ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ ti bá irú ẹ́ńjìnnì yẹn jà rí.

Kí ló dé tí mẹ́rin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fi borí? Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni ẹ́ńjìnnì tí ó pọ̀ jù láàárín wa, èyí tí ẹ̀ ń pè ní onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì èyíkéyìí bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀, á dáhùn wéré: ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì. Ó ti há a sórí. Bí ẹ bá wá bi í pé kí ló dé tí kì í fi í ṣe ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, á wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ wà lára kíráǹkì. Apá kíráǹkì ti sìlíńdà kìíní àti ìkẹrin jọ wà lápá kan, ti ìkejì àti ìkẹta jọ wà lódìkejì. Nítorí náà písítìnì kìíní àti ìkẹrin jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá jó ní ìkíní, ó ń sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, ìkẹrin ń bá a sọ̀kalẹ̀ láti fa atẹ́gùn. Àwọn tó ń gòkè bọ̀ ni ìkejì àti ìkẹta. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn nìkan ló lè kàn. Bí ìkẹta bá kàn, ó di ìkẹrin, lẹ́yìn náà ìkejì: 1-3-4-2. Bí ìkejì bá kàn, ó di 1-2-4-3. Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá so wáyà púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní 1-2-3-4, ọkọ̀ rẹ̀ á máa sín, á máa yìnbọn, kò sì ní gbéra.

Níní iná lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì ìyí kọ̀ọ̀kan ti mú kí fúláìwíìlì kéré púpọ̀ sí ti Benz. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í gbọ̀n. Písítìnì máa ń sáré ní òkè sìlíńdà ju bó ṣe ń sáré ní ìsàlẹ̀ lọ, nítorí bí kọ́ńróòdù, irin tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì, ṣe ń dagun. Nítorí náà àwọn méjì tó ń bọ̀ láti òkè àti àwọn méjì tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kì í dọ́gba, ìjìnnìjìnnì kékeré á sì ṣẹ́ kù, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyí kan. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìsopọ̀ ẹ́ńjìnnì tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ́ńjìnnì onímẹ́fà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ló mú ìjìnnìjìnnì yẹn kúrò pátápátá. Spyker ní ilẹ̀ Nẹ́dálaǹdì ti ṣe ọ̀kan ní ọdún 1903, Napier ní Ìlú Ọba sì ń tà á láti ọdún 1904. Wàhálà míì wá yọ. Kíráǹkì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń lọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá sáré dé ìwọ̀n kan. Ariwo á sọ, nígbà mìíràn kíráǹkì á kán. S. F. Edge tó ń polówó Napier kò tijú, ó ní ariwo agbára ni. Òǹtajà ni! Henry Royce kò polówó àléébù ní tirẹ̀. Nígbà tí ó ń ṣe Rolls-Royce onímẹ́fà ní ọdún 1906, ó mú kíráǹkì nípọn, ó fi bẹ́ríǹgì gbè é dáadáa, ó sì da sìlíńdà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ọkọ̀ yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ Rolls-Royce di orúkọ tí ayé mọ̀. Henry Ford náà dán onímẹ́fà wò ní ọdún 1906 kan náà, pẹ̀lú ọkọ̀ Model K. Kò tà bí wọ́n ṣe rò, Ford fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó padà sí mẹ́rin. Ìpadà yẹn ló kàn wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tiwa.

Ní ọdún 1901 tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbà. Kò ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹrù Ìjẹ̀bú ń gba ojú ọ̀sà lọ sí Èkó láti Èjìnrìn, orí ènìyàn ló sì ń gbé e dé Èjìnrìn. Lápá Ìbàdàn, ìjọba ti fi mọ́tò sí ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n là ní nǹkan bí ọdún 1906. Ní Èkó, W. A. Dawodu ń kó kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò wọlé, ó ń tún wọn ṣe. Kí ọdún 1920 tó dé, Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá ti dá bọ́ọ̀sì tó ń ná Èkó sílẹ̀. Ìyẹn ni pé kò pẹ́ rárá tí ọmọ ilẹ̀ fi wọ iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ ẹrù tí àwọn ará Ìlú Ọba ń ṣe nígbà náà wúwo. Títì olókùúta ni wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá dé orí ilẹ̀ pupa wa lásìkò òjò, á rì. Bí ó bá dé orí afárá onígi, afárá á ké. Ọkọ̀ tó ṣí ọ̀nà fún aládàáni láti inú oko wá sí ọjà ni Ford Model T, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1908. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, nǹkan bí 540 kìlógíráàmù. Ìdí rẹ̀ ga sókè, kì í tètè fi ikùn kan ilẹ̀. Owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún: dọ́là 850 ni nígbà tó jáde, ó sì wá sí ìsàlẹ̀ 300 ní ọdún 1925.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.9, agbára ẹṣin 20. Ṣáájú rẹ̀, méjì-méjì tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń da sìlíńdà, wọ́n á sì da orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bí fáàfù bá bàjẹ́, ó dìjà. Ford da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú irin kan ṣoṣo, ó wá fi bóòtì de tọ́ọ̀pù-sìlíńdà lé e lórí lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní sípánà á tú bóòtì, á gbé tọ́ọ̀pù-sìlíńdà kúrò, orí písítìnì mẹ́rin á sì wà níwájú rẹ̀ lójú kan. Á ha dúdú ara wọn dànù, á lọ fáàfù, á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, á dé e padà. Kò sí pọ́ǹpù omi. Omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀ lọ sínú radiétọ̀. Kò sí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Fúláìwíìlì àti kíráǹkì ló ń fọ́n ọn ká. Kò sí pọ́ǹpù epo náà; epo ń sàn láti abẹ́ ìjókòó wá sínú káábùrétọ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ bá kù díẹ̀ tó sì fẹ́ gun òkè, ẹ̀yìn ni á máa fi gùn ún, kí epo lè ráyè sàn. Ẹ fojú inú wò ó ní òkè Èkìtì!

Irú ọkọ̀ yẹn tí Ford ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1927. Nínú ẹ́ńjìnnì tó dúró yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti kọ́kọ́ mọ inú mọ́tò. Mo ka ìyẹn sí ju agbára ẹṣin lọ. Rolls-Royce dákẹ́ jù ú lọ fíìfíì, Lanchester gbọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n a kò lè tú èyíkéyìí nínú wọn sórí tapólì ní ẹ̀bá ọ̀nà kí a sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́rì Bedford. Luton ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1931, onímẹ́fà sì ni, tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, fáàfù lórí. Àwọn káfíńtà wa ló ń kan ilé onígi sí i lẹ́yìn, tí ó fi di bọ́lẹ̀-kájà, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú rẹ̀. Nígbà náà, àìsàn kíráǹkì onímẹ́fà ti lọ ilé. Gígùn rẹ̀ kò ṣe lọ́rì ní nǹkan kan, imú lọ́rì gùn tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni Benz 911 tí wọ́n sọ di mólúè ní Èkó: dísù onímẹ́fà, ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ mẹ́rin tú, ó mọ mẹ́fà tú, ọwọ́ kan náà ni.

Ẹ́ńjìnnì V ńkọ́? De Dion-Bouton ní Faransé ti ń ta V8 láti ọdún 1910, Cadillac ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1914. Àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé jiyàn: sìlíńdà mẹ́jọ nínú àyè tí mẹ́rin gùn dé, kíráǹkì kúkúrú tí kì í lọ́. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù sún mọ́ ọn, títí Ford fi da tirẹ̀ sínú irin kan ṣoṣo ní ọdún 1932, lítà 3.6, agbára ẹṣin 65, ní owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ó ní àìsàn kan tí oòrùn ilẹ̀ wa kò fẹ́: ọ̀nà èéfín rẹ̀ gba inú irin ẹ́ńjìnnì kọjá láàárín omi kó tó jáde sí ẹ̀gbẹ́. Iná tó yẹ kó jáde lọ, ó ń se omi lọ́nà. Radiétọ̀ á máa hó, tọ́ọ̀pù-sìlíńdà méjì ló sì wà láti tú, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì méjì láti rà. Mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ V8 wà tó ń gbọ́ mi, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ohùn dídùn kì í ra epo.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀, èyí tí wọ́n ti rò pé ó kú láti ìgbà Herbert Austin, òun ló padà wá gba ìgboro wa. Ìjàpá ni mò ń wí, Volkswagen tí Ferdinand Porsche àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Jámánì ṣáájú ogun Hitler. Hans Ledwinka ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Tatra láti ọdún 1923, méjì tó dùbúlẹ̀, tí atẹ́gùn ń mú tutù. Ti ìjàpá jẹ́ mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ìdí ọkọ̀ ló wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, ní ọdún 1975, ìjàpá ti di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ wòlíì. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì wà ní ìdí dáńfó.

Kò ní radiétọ̀, kò sí omi tó máa hó, kò sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó máa jó nítorí omi. Ẹ rántí pé nígbà náà, kí ọ̀nà ẹ̀sípúrẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní ọdún 1978, Ìkòròdú ni ẹni tó ń lọ sí Èkó láti apá ọ̀dọ̀ wa ń gbà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ máa bẹ omi ní abúlé-dé-abúlé. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá, bóòtì mẹ́rin ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Wọ́n á tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á fà á jáde láti abẹ́ ọkọ̀. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan dá wà. Èyí tó jẹ ni wọ́n á yọ, wọn kò ní kàn yòókù.

Síbẹ̀, àléébù rẹ̀ wà. Bí fááńbẹ́ẹ̀tì bá já, fáànù dúró nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á jóná láìpẹ́ nítorí kò sí omi tó máa kọ́kọ́ kìlọ̀. Nínú àwọn ti àtijọ́, wọ́n gbé ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn sìlíńdà ìkẹta, ìyẹn sì máa ń gbóná ju àwọn yòókù. Ẹ bi àgbà mẹkáníìkì ìjàpá kan pé sìlíńdà wo ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ kì í sì í rọrùn láti dé ìdí púlọ́ọ̀gì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà, nísàlẹ̀, níbi tí irin ti gbóná.

Peugeot ní tiwọn fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì 404 tó jáde ní ọdún 1960, àti ti 504 tó jáde ní 1968, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, mẹ́rin ni wọ́n, ìlà kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e dúró, wọn kò sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìdajì, dígírì 45, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè lọ sílẹ̀. Gbogbo ìrọ̀rùn ti ìlà kan wà níbẹ̀, mẹkáníìkì kan kò sì ní láti tún kọ́ nǹkan mìíràn. Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mo dárúkọ nírọ̀lẹ́ yìí, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ fún ojú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó wá.

Lónìí, V ti padà dé: V6 ni, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Sienna àti àwọn Camry kan tí wọ́n ń tà fún wa. Wọ́n wá dá a bú sínú ọkọ̀. Mẹ́ta nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kọjú sí iwájú, ọwọ́ dé wọn. Mẹ́ta yòókù kọjú sí ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì àti èrò níyà, a ó sì ní láti tú irin tó ń pín atẹ́gùn kúrò kí a tó rí wọn. Ọkọ̀ náà lágbára, ó ń gbé èrò méje láìmí, n kò bú u. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń pààrọ̀ mẹ́ta iwájú nìkan, tí wọ́n ń fi mẹ́ta ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, kí wọ́n má baà san owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní ọkọ̀ ń mu epo jù, wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ.

Fún ẹni tó ń ná Ìbẹ̀fún sí Ìjẹ̀bú-Òde lójoojúmọ́, tàbí tó ń gba Ìtọ́kin lọ sí Èkó pẹ̀lú gààrí lẹ́yìn ọkọ̀, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni mo ní kí ó rà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ láìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ìka kan púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan lójú yín. Èyí tí ìka rẹ̀ kò bá dé, ẹ bi í iye tí yóò gbà kó tó tú u, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó tí ẹ fẹ́ san.